Ìyẹ̀fun Tí Ó Di Irin: Búùṣì Kékeré Inú Fáànù Àti Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Bolori

Ẹni tí ó bá ti lo oṣù Kẹrin kan ṣoṣo ní Bolori, ní ìlú Maiduguri, kò sí ẹni tí ó tún ní láti ròyìn ooru fún un. Láti oṣù Kẹta ni oòrùn ti ń mú bí iná. Nígbà tí ó bá fi di oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, ooru ọ̀sán a máa kọjá ogójì dígírì Celsius, ilẹ̀ oníyanrìn a gbóná lábẹ́ bàtà, páànù orí ilé a sì máa ró gbà-gbà-gbà bí ó ti ń fẹ̀. Lóru, ọ̀pọ̀ ará ilé a gbé ẹní jáde sí gbangba. Ẹni tí ó bá ní iná, tàbí jẹnẹrétọ̀, tàbí ẹni tí ó ti ra páńẹ́lì tí ń gba agbára oòrùn, a gbójú lé fáànù rẹ̀. Nítorí náà, bí fáànù bá ké wíín-wíín lẹ́ẹ̀mejì láàárín òru tí ó sì dúró gbagidi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, tàbí fún arúgbó tí èémí ń ni lára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fáànù náà yóò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń tún un ṣe. Ó pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti wà nínú àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Òkè-Ọya, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú àwọn mẹkáníìkì, àwọn rìwáyà àti àwọn tí ń jó irin pọ̀. Oníṣẹ́ náà yóò tú fáànù, yóò yẹ wáyà inú rẹ̀ wò, yóò rí i pé wáyà kò jó. Yóò yẹ kapásítọ̀ wò, yóò rí i pé ó dára. Lẹ́yìn náà ni yóò di orí ọ̀pá àárín mú, tí yóò mì í sọ́tùn-ún sósì, tí yóò sì mi orí. Ohun tí ó ti gbẹ́ mì kò ju orí ìka ọwọ́ lọ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é jinlẹ̀ ju ti gbogbo ìyókù fáànù náà lọ.

Búùṣì ni gbogbo oníṣẹ́ ń pè é. Òrùka kékeré ni, ó rí róbótó bí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n dá ihò sí láàárín, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí idẹ tí kò dán. Méjì ni ó máa ń wà nínú fáànù orí tábìlì àti fáànù onídùúró, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Inú ihò wọn ni ọ̀pá tí ó gbé abẹ́ fáànù ti ń yí. Ọ̀pá náà a máa yí ju ìgbà ẹgbẹ̀rún kan lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Irin ni ó ń ha irin, ohun tí kò sì jẹ́ kí wọ́n jó ara wọn gbẹ ni òróró fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín wọn. Níbo wá ni òróró náà ti ń wá, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń lo fáànù fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láì kán ẹyọ òróró kan sí i? Inú búùṣì fúnra rẹ̀ ni. Irin náà mu òróró sára bí kànìnkànìn ti ń mu omi.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó fi ẹ̀mú mú búùṣì tuntun kan, kí ó ṣá ìṣáná sí i nídìí. Láìpẹ́ òróró yóò yọ lára rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ bí òógùn ti ń yọ níwájú orí alágbàro. Bí ó bá tún tutù tán, òróró náà yóò padà wọlé, ojú irin yóò sì gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe nínú fáànù. Nígbà tí ọ̀pá bá ń yí, búùṣì a gbóná díẹ̀, òróró inú rẹ̀ a fẹ̀, a sì jáde wá sí ibi tí ọ̀pá ti ń yí. Nígbà tí wọ́n bá pa fáànù, àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú irin náà a fà á padà. Ọkọ́ kì í mu òróró, àdá kì í mu ún, ọ̀bẹ kì í mu ún. Èé ṣe tí irin yìí fi ń mu òróró?

Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kò yọ́ ọ dà bí ìkòkò alumíníọ̀mù, wọn kò sì gé e lára ọ̀pá irin. Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹni tí ó bá ti wo ìyá aláàádùn nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ ìdajì ọgbọ́n náà. Ó ti yan àgbàdo, ó ti lọ̀ ọ́ kúnná lúbúlúbú, ó da epo díẹ̀ sí i, ó sì fún un pọ̀ títí ó fi dúró. Dọ̀ńkùwà tí àwọn ọmọ ń rà jẹ ní gbogbo àdúgbò Òkè-Ọya kò yàtọ̀ sí i. Ìfúnpọ̀ ni ó mú wọn dúró, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n á tún fọ́ di ìyẹ̀fun. Ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò ni ìdajì kejì wà. Amọ̀ tí ó mọ, tí ó sá, tí ó sì sun nínú iná kò yọ́ rárá. Síbẹ̀ ó jáde ní líle, kò sì ní padà di amọ̀ mọ́ láyé. Bí ènìyàn bá pa ọgbọ́n aláàádùn pọ̀ mọ́ ti amọ̀kòkò, tí ó sì fi irin dípò àgbàdo àti amọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ búùṣì nìyẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́ wọn yóò sọ irin di ìyẹ̀fun. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ni pé wọ́n a yọ́ ọ, wọ́n a jẹ́ kí ó máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ẹnu ọ̀ṣọ̀rọ̀. Bí ó ti ń ṣàn ni omi tàbí afẹ́fẹ́ alágbára yóò kọlù ú, tí yóò fọ́n ká di ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ó dì kí ó tó balẹ̀. Fún búùṣì fáànù, bàbà ni ìpín mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìpín kan tí ó kù sì jẹ́ tíìnì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní agbègbè Jos. Wọ́n á pò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun ọ̀rá díẹ̀ kí wọ́n lè máa yọ̀. Wọ́n á dà wọ́n sínú irin líle kan tí ihò inú rẹ̀ ní àwòrán ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Agbára tí ẹ̀rọ náà ń lò kì í ṣe kékeré: bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun irin dúdú ni wọ́n ń tẹ̀, ó lè tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà lórí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ohun tí ó jáde ti ní àwòrán búùṣì pátápátá, ṣùgbọ́n aláàádùn ni síbẹ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, yóò fọ́.

Iná ni yóò sọ ọ́ di ọmọlúàbí. Inú iléru tí ó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé e gbà kọjá. Fún bàbà àti tíìnì, ooru iléru náà a máa tó nǹkan bí dígírì 800 àti díẹ̀ lé. Fún irin dúdú, a máa tó nǹkan bí 1,120. Ó yẹ kí ènìyàn fiyè sí nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí bàbà kì í yọ́ àfi bí iná bá dé dígírì 1,085, irin dúdú kì í sì í yọ́ kí ó tó dé 1,538. Tíìnì nìkan, tí ó ń yọ́ ní 232, ni ó yọ́ tí ó sì wọ inú bàbà lọ, tí àwọn méjèèjì sì di idẹ. Nípa ti ìyókù, hóró kò yọ́, ṣùgbọ́n níbi tí hóró kan bá ti kan èkejì, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ara wọn, ọrùn a hù láàárín wọn, ọrùn náà a sì máa sanra sí i títí ọ̀kẹ́ àìmọye hóró yóò fi di ẹyọ kan. Wọn kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lásán wọ inú iléru náà, nítorí yóò mú kí irin dípẹtà níbi tí ó ti yẹ kí ó so pọ̀. Afẹ́fẹ́ háídírójìn àti náítírójìn ni wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀.

Àwọn àlàfo tí ó wà láàárín hóró kò parẹ́ tán, àwọn tí ó ṣe búùṣì náà kò sì fẹ́ kí wọ́n parẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ara búùṣì ni ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò rí. Wọ́n a tún un tẹ̀ díẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè pé, wọ́n a fa afẹ́fẹ́ inú ihò wọ̀nyí jáde, wọ́n a sì rì í sínú òróró kí òróró lè gba àyè afẹ́fẹ́. Ó parí. Kò sí èérún irin kankan tí wọ́n gé dànù, ẹ̀rọ kan sì lè tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi kéré bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọgbọ́n òyìnbó pọ́ńbélé ni èyí. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ilé iléru kan ní Ola-Igbi ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń fi òkúta irin àti èédú ṣe irin fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Abuja, wọ́n ti hú iléru amọ̀ jáde tí ọjọ́ orí wọn lé ní 2,000 ọdún. Nínú gbogbo irú iléru bẹ́ẹ̀, iná èédú kò lágbára tó láti yọ́ irin. Ìdàrọ́ ni ó ń yọ́ tí ó ń ṣàn lọ. Irin fúnra rẹ̀ a ṣẹ́kù sísàlẹ̀ bí ìdì kan tí ó kún fún ihò bí afárá oyin, hóró lára hóró, tí èédú àti ìdàrọ́ sì há sí i láàárín. Alágbẹ̀dẹ a tún gbé ìdì yìí sínú iná, ọmọ iṣẹ́ a máa fín ẹwìrì, ọ̀gá a sì fi òòlù lù ú, a yí i padà, a tún lù ú, títí ìdàrọ́ yóò fi ta jáde tí ihò yóò sì fi pa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ọkọ́, àdá àti ọfà tí wọ́n fi irin ìdì bẹ́ẹ̀ rọ, ìfúnpá àti iná ni ó ṣe wọ́n, láì jẹ́ pé irin wọn yọ́ rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ òkèèrè. Òpó irin kan wà ní Delhi, ní orílẹ̀-èdè India, tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà méje, tí ó sì ti wà láti nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn; ìdì irin kéékèèké ni wọ́n lù pọ̀ láti fi ṣe é. Àwọn ará etíkun Ecuador, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, a máa pa hóró platinum pọ̀ mọ́ wúrà nínú iná, kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí wọn kò ní iná tí ó lè yọ́ platinum. Ní London, William Hyde Wollaston fi ìyẹ̀fun platinum tí ó tẹ̀ tí ó sì sun ṣe ohun èlò tí ó lówó lórí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi pa ọ̀nà náà mọ́, ọdún 1828 tí ó kú gan-an ni ó sọ ọ́ di mímọ̀. Nígbà tí iná mànàmáná dé, ìṣòro kan náà tún yọjú: tungsten tí wọ́n fẹ́ fi ṣe okùn inú gílóòbù kì í yọ́ àfi bí iná bá dé dígírì 3,422, kò sì sí ìkòkò tí ó lè gbà á. Ní nǹkan bí ọdún 1910, William Coolidge ti ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà láti tẹ ìyẹ̀fun rẹ̀, láti sun ún, àti láti lù ú ní gbígbóná títí ó fi ṣeé fà bí okùn. Gbogbo gílóòbù onírun pupa tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé àwọn bàbá wa láti ìgbà náà, ọmọ ìyẹ̀fun ni okùn inú wọn.

Láti inú ìyẹ̀fun tungsten yìí ni àwọn ará Jámánì tún ti rí ohun mìíràn. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èédú, wọ́n fi ìyẹ̀fun kóbáltì dè é, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sun ún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Krupp gbé e jáde lọ́jà ní nǹkan bí ọdún 1926, Widia ni wọ́n pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó rí bíi dáyámọ́ńdì. Òun ni ó wà ní ẹnu irin tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń lu ògiri búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá wo ẹnu irin náà dáadáa, wọn yóò rí i pé ègé kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù. Ẹni tí ó bá fi irin tí kò ní ègé yìí lu búlọ́ọ̀kù yóò mọ ìyàtọ̀ kí ihò kan tó já.

Ní Bolori àti ní gbogbo Maiduguri, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó gba ìgboro kan láti ọdún 2011 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà. Nínú àwọn ìdágìrì tí ń gba gbẹ̀ǹdẹ́kẹ gálọ́ọ̀pù mọ́ra lábẹ́ ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n sábà máa fi ń ṣe písítìnì kékeré tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú òróró. Ìyẹ̀fun irin ni eyín ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń fa òróró nínú ẹ́ńjìnì. Nínú sítátà ọkọ̀, búùṣì bíi ti fáànù ni ó wà ní orí àti ìdí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tilẹ̀ ti ń fi ìyẹ̀fun ṣe apá tí ó so písítìnì mọ́ kíráńkì láti nǹkan bí ọdún 1980, wọ́n a tẹ̀ ẹ́, wọ́n a sun ún, wọ́n a sì tún lù ú ní gbígbóná kí ihò inú rẹ̀ lè pa pátápátá. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó mu òróró ni wọ́n ń dá ihò sí. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó lágbára, wọ́n a pa á dé.

Ti fóònù ni ó tún yani lẹ́nu jù. Òkúta dúdú kan wà tí àwọn awakùsà Jos ń rí pẹ̀lú tíìnì, kólóńbáìtì ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ó súnmọ́ ọn sì ni tántáláìtì. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, Nàìjíríà ni ó ń pèsè ìpín tí ó pọ̀ jù lọ nínú kólóńbáìtì gbogbo ayé. Irin tí wọ́n ń yọ láti inú tántáláìtì ni wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n sì ń sun títí yóò fi di ẹ̀kún hóró kan tí ó kún fún ihò. Nínú ihò wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń rí àyè púpọ̀ láti fi iná mànàmáná pamọ́ sí. Kapásítọ̀ kékeré bí orí abẹ́rẹ́ nìyẹn, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Kuru lẹ́bàá Jos, tí ó gba Bauchi àti Gombe kọjá, dé Maiduguri ní ọdún 1964, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó bá a wá kò lè mọ̀ pé òkúta tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn yóò padà wá bá àwọn ọmọ wọn nínú àpò ṣòkòtò.

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé, ṣé Nàìjíríà kò lè ṣe búùṣì fúnra rẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn, kò sì ṣòro tó bí àwọn kan ti ń rò. Ní oṣù Kíní ọdún 1982 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ irin Aladja lẹ́bàá Warri. Iléru tí ó wà níbẹ̀ ń lo afẹ́fẹ́ gáàsì láti sọ òkúta irin di irin oníhò bíi kànìnkànìn, láì yọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ola-Igbi ti ń fi èédú ṣe é. Irú irin oníhò bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Höganäs ní Sweden ń lọ̀ di ìyẹ̀fun, tí ó sì fi di gbajúmọ̀ nínú òwò ìyẹ̀fun irin ní gbogbo ayé. Aladja kò dé ibẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ó dúró, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Akure fún ọ̀rọ̀ ohun èlò iṣẹ́ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó wà ní Ilesa fún àwòṣe ẹ̀rọ. Ohun tí ó ń dá iṣẹ́ dúró jù lọ ni owó irin líle tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun. Ó wọ́n púpọ̀, kò sì ní mú èrè wá àfi bí wọ́n bá ti fi tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ ohun kan náà. Orílẹ̀-èdè tí kò sí ilé tí kò fẹ́ fáànù nínú rẹ̀ kò ha ní oníbàárà tó bí?

Kí ìyẹn tó rí bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ní láti mọ bí wọn yóò ti tọ́jú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn, nítorí níbí yìí gan-an ni orúkọ oníṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Màmá kan yóò gbé fáànù padà wá: "Ọ̀gá, fáànù tí ẹ bá mi ṣe lọ́jọ́sí ti tún dákẹ́ o." Oníṣẹ́ yóò bẹ̀bẹ̀, yóò tú u, yóò rí i pé búùṣì tuntun tí òun fi sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sẹ́yìn ti jẹ. Yóò ní búùṣì náà kò dára. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó pa á.

Ohun àkọ́kọ́ tí ń pa á ni bẹntiróòlù. Oníṣẹ́ tí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó yóò kó gbogbo ohun tí ó tú sínú bẹntiróòlù, yóò sì fọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi máa dán. Ohun tí ó dára fún irin tí a gé ni, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù a wọ inú ihò búùṣì lọ, a sì fọ òróró inú rẹ̀ jáde pátá. Búùṣì gbígbẹ ni oníṣẹ́ náà dá padà sínú fáànù láì mọ̀. Ẹ̀kán òróró kan tí ó kán sí i lẹ́yìn náà kò lè kún ihò wọ̀nyẹn. Nígbà tí omi ìsédò Alau ya wọ ìlú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, tí ẹrẹ̀ sì wọ inú ohun èlò ọ̀pọ̀ ilé, bẹntiróòlù ni ohun tí ó wá sí ọkàn ènìyàn láti fi fọ ẹrẹ̀ náà. Búùṣì tí ẹrẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ nù ni ó sàn.

Ohun kejì ni sáńpépà. Bí ọ̀pá bá fún mọ́ búùṣì tuntun, ọwọ́ a yá láti ká sáńpépà mọ́ ìṣó, kí wọ́n fi ha inú ihò búùṣì títí ọ̀pá yóò fi wọlé. Ojú irin tí wọ́n ha bẹ́ẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì di ẹnu gbogbo ihò wẹ́wẹ́ tí òróró ń gbà jáde, bí ìgbà tí ènìyàn fi amọ̀ rẹ́ ògiri. Lẹ́yìn èyí, òróró wà nínú, ọ̀pá sì ń kú fún òùngbẹ lóde. Búùṣì tí ó bá ọ̀pá mu ni kí wọ́n wá, bí ó tilẹ̀ gba pé kí wọ́n dúró de èyí tí yóò ti Kano tàbí Èkó wá.

Gíríìsì náà kò dára fún un. Ó ki jù, kò lè wọ inú ihò, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ìlú tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, gíríìsì àti eruku a di sáńpépà mìíràn. Òróró ẹ̀pà tàbí òróró ìdáná tilẹ̀ burú ju gíríìsì lọ, nítorí bí ó bá gbóná léraléra yóò dì bí gọ́ọ̀mù. Òróró ẹ́ńjìnì tí kò ki jù, tí wọn kò tí ì lò rí, ni ó yẹ. Èyí tí wọ́n fà jáde lára ọkọ̀ ti kún fún dúdú irin àti èédú.

Wọ́n lè mọ búùṣì gidi yàtọ̀ sí èyí tí àwọn kan gé lára ọ̀pá idẹ lásán tí wọ́n sì ń tà ní iye kan náà. Èyí tí wọ́n gé a máa dán ju, ó sì wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá fi ìṣáná gbá a, kò ní làágùn. Bí wọ́n bá nu ẹ̀yìn búùṣì gidi gbẹ, tí wọ́n sì kán òróró sí i, òróró náà yóò máa rì lọ díẹ̀díẹ̀. Ti ayédèrú yóò jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ẹ̀rọ kankan, ọmọ iṣẹ́ tí ó wà ní oṣù kìíní lè ṣe é lórí kàǹtà kí oníbàárà tó sanwó.

Àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n a máa ní agolo kékeré kan tí ó kún fún òróró mímọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Búùṣì tí ó ti pẹ́ lórí igbá, tí ooru ọjà ti mú òróró rẹ̀ gbẹ, wọ́n a sọ ọ́ sínú agolo náà ní ìrọ̀lẹ́, wọn kò sì ní yọ ọ́ títí di ọ̀la. Bí wọ́n bá gbé agolo náà sínú oòrùn Bolori ní ọ̀sán, òróró a tètè wọlé, afẹ́fẹ́ a sì máa yọ hóhóhó jáde lára búùṣì. Fẹ́ẹ̀tì rírọ̀ tí ó yí búùṣì ká nínú fáànù náà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣe. Àmù òróró ni, láti inú rẹ̀ ni búùṣì ti ń fa èyí tí yóò fi dípò ohun tí ó gbẹ. Kí wọ́n rin ín gbingbin kí wọ́n tó dá a padà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbá búùṣì wọlé, kí wọ́n fi igi ṣe agbàdí rẹ̀, kí òòlù má ṣe kan án lójúkorojú, nítorí irin tí hóró dì pọ̀ yìí kì í tẹ̀, sísán ni ó ń sán.

Búùṣì iwájú ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí òun ni ó gbé ìwúwo abẹ́ fáànù. Oníbàárà a sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ èyí nìkan, kí owó má bàa pọ̀. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá ti jẹ, ọ̀pá ti ń mì tipẹ́, ó sì ti ha ti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi tuntun síwájú tí wọ́n fi ògbólógbòó sẹ́yìn, ọ̀pá kò ní dúró ṣánṣán, tuntun náà kò sì ní pẹ́. Méjèèjì ni oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ ń pààrọ̀ pọ̀, á sì fi àwọn ògbólógbòó náà han oníbàárà kí ó tó sọ iye.